Imú Tí Mo Yá

Ishbel kò kọ ìwọ̀n kan sílẹ̀ gidi.
Ohun tó kọ sẹ́yìn àpòòwé owó iná ni pé:
óòtì, ife mẹ́ta, mẹ́rin bí òjò bá ń rọ̀;
álímọ́ńdì, ẹ̀kúnwọ́ kan, ọwọ́ tèmi ni o, kì í ṣe tìrẹ;
bọ́tà, oyin, iyọ̀ bíńtín.
Gbé e sínú ààrò.
Yọ ọ́ nígbà tó bá ń ta sánsán bó ṣe yẹ.

Bó ṣe yẹ!
Ta ni kí n bi? Ilẹ̀ ti gba ẹnu tó mọ̀ ọ́n,
ní itẹ́ òkú etí òkun,
níbi tí ẹ̀fúùfù Lewis kì í jẹ́ kí òdòdó dúró lórí ibojì.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò nísàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi,
nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, tí mò ń mí dísù símú bí atẹ́gùn.
Etí mi yè é. Imú mi ló dití.
Ẹja tó ti bàjẹ́, n kì í gbọ́ òórùn rẹ̀.
Ọṣẹ tí Ishbel fi ń fọ irun,
ìrántí ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo yá a yọ.
Ó tú wẹ́wẹ́, ó ń dà wọ́rọ́wọ́rọ́ bí iyanrìn.
Mo bu wàrà sí i, mo fi ṣíbí jẹ ẹ́,
mo ní oúnjẹ àárọ̀ ni mo kúkú fẹ́ sè.
Lọ́jọ́ kejì, mo fi iná kún iná.
Ó le gbagidi. Eyín àtọwọ́dá mi ké gbàjarè.
Mo ju ọ̀kan síta fún ẹyẹ òkun;
ẹyẹ wò ó, ẹyẹ wò mí, ẹyẹ fò lọ.
Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,
ohun tí a fagbára mú ní í le koko:
àṣé páànù mi ni wọ́n ń bá wí.

Lọ́jọ́ kẹta ni Eilidh, ọmọ ilé kejì, wá mú bọ́ọ̀lù rẹ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún ò jọ tòsì.
Mo ro ẹjọ́ imú mi fún un.
Ó jókòó sílẹ̀, ó kọjú sí ààrò bí adájọ́.
“Bọ́tà nìkan ni mò ń gbọ́.”
Ó tún pẹ́.
“Ó ń ta bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.”
Báyìí ńkọ́?
“Ẹ má pariwo. Álímọ́ńdì ti ń dá sí i.”
Ló bá fò dìde:
“Òun nìyí! Bí ojú fèrèsé yín ṣe máa ń ta
nígbà tí mo wà ní kékeré!”

Mo yọ ọ́. Ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ojú rẹ̀ ṣì funfun,
bí ohun tí kò tíì jinná rárá.
Ọwọ́ mi fẹ́ dá a padà;
Eilidh fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ààrò.
“Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó tutù.”

A ta káàdì. Ó rẹ́ mi jẹ, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.
Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ fọn fèrè ní èbúté.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló béèrè ọ̀bẹ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ní ó dìgbà díẹ̀.

Nígbà tí a gé e, kò tú, kò sì bá ọ̀bẹ jà.
Ó ń fà lẹ́nu,
bí ọ̀rọ̀ alẹ́ tí ẹni méjì ò fẹ́ kó tán.
N kò gbọ́ òórùn kankan.
Mo jẹ ẹ̀kejì.

Mo wá pẹ́ńsù, mo kọ sábẹ́ ọwọ́ Ishbel:
Pe Eilidh.
Owó imú rẹ̀: mẹ́fà, ti igun ni kó jẹ́.